Níbo Ni Afẹ́fẹ́ Ń Gbà Wọlé?

Ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé àwọn ọmọ ló tú àṣírí mi. Méjèèjì ni ìyàwó mi fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, tó sá wọn sórí irin ìsáṣọ nínú kíṣíìnì, funfun báláú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo mú ọ̀kan kí n lọ̀ ọ́, mo gbé e sún mọ́ fèrèsé, mo sì rí i pé èjìká rẹ̀ òsì ti pọ́n bí aṣọ tí omi ìyeyè ta sí. Mo fi ìka nù ún. Eruku ni, ó kúnná ju èlùbọ́ lọ, ó sì wọ inú ìlà ìka mi. Mo wo ìdérí ìkòkò. Mo wo orí fìríìjì. Mo wo etí fèrèsé. Kò sí ibi tí eruku yẹ́lò yẹn kò bà sí.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó mi sọ láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá, "bí èyí bá wà lára aṣọ, kí ló wà nínú àyà àwọn ọmọ?"

Mi ò ní èsì. Fúláàtì wa ní Peckham, ní ìlú London, kò ju yàrá méjì, pálọ̀ àti kíṣíìnì lọ. Àjà kẹta ni a wà, ògiri tó wà láàárín kíṣíìnì àti yàrá àwọn ìbejì kò sì nípọn. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí gbogbo wọn ti sùn, mo ti ṣí fèrèsé, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, mo sì fọ́n ọ̀dà fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Mo rò pé fèrèsé tó ṣí ti tó.

Dáńfó ni mò ń kùn. Bọ́ọ̀sì Volkswagen T2 ni, irú èyí tí wọ́n ń tà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí kí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀. Ìdá kan nínú 24 ojúlówó ni ìwọ̀n rẹ̀, nítorí náà gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 19 lọ. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni àwòrán tó wà lára páálí náà, tó dúró sí etí òkun. Èmi kò fẹ́ ìyẹn. Yẹ́lò Èkó ni mo fẹ́, pẹ̀lú ìlà dúdú méjì lára rẹ̀, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ní kékeré ní Mushin, láyé ìgbà tí ilé-iṣẹ́ tí Volkswagen ṣí ní Ọ̀jọ́ lọ́dún 1975 ṣì ń to mọ́tò pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry. Volkswagen ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ọ̀nà ibẹ̀ lónìí, "Volks!" ni kọ̀ndọ́ yóò ké bẹ́ ẹ bá dé ibùdókọ̀ náà.

Bàámi ló ń kun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń lu páńẹ̀lì, ọ̀dà ni tirẹ̀. Yóò fi pọ́tì dí ojú ibi tí irin ti wọnú, yóò fi sánpépà àti omi fọ̀ ọ́ títí yóò fi jọ̀lọ̀, yóò lẹ ìwé ìròyìn mọ́ gíláàsì, ìgbà náà ni yóò tó po ọ̀dà mọ́ tínà nínú agolo. Kó tó fọ́n ọ̀dà, ó máa ń bu eruku ilẹ̀ díẹ̀ sọ́wọ́, yóò gbé ọwọ́ náà dé ìwọ̀n àyà, yóò sì jẹ́ kí eruku náà máa dà díẹ̀díẹ̀, kó lè rí ibi tó ń fẹ́ lọ. Ibi tí eruku bá ń lọ ni òun náà máa ń kọjú sí, tí afẹ́fẹ́ yóò fi wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, òun náà á yí. Ọmọṣẹ́ tó bá lọ dúró síbi tí kùrukùru ọ̀dà ń lọ, yóò jágbe mọ́ ọn kó kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà òjò máa ń dé. Bí òjò bá ń rọ̀ tí oní-mọ́tò sì ń retí ọkọ̀ rẹ̀, wọn a ta tapólì yí ìsọ̀ náà ká kí omi má baà kán sára ọ̀dà tútù. Mo rántí ọjọ́ kan tí wọ́n rán mi lọ gbé oúnjẹ fún un. Mo ká etí tapólì, mo rí gílóòbù kan tó ń tàn bàìbàì láàárín ìkùukùu yẹ́lò, Bàámi sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó so áńkáṣíìfì mọ́ imú. Nígbà tó jáde, ìpéǹpéjú rẹ̀ yẹ́lò, irun imú rẹ̀ yẹ́lò. Ó jókòó sórí táyà, ó lu agolo mílíìkì kan, ó gbé e mu. Gbogbo wọn ló gbà pé mílíìkì máa ń fọ ọ̀dà kúrò láyà. Ikùn ni mílíìkì ń lọ, kì í dé ẹ̀dọ̀fóró. Ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà òjò wọ̀nyẹn kò tíì fi í sílẹ̀ títí di òní, Bàámi fúnra rẹ̀ sì ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Mo dúró nínú kíṣíìnì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́wọ́, ó sì hàn sí mi pé mo ti ta tapólì yí àwọn ọmọ mi ká.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí fún oṣù méjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ ṣáájú. Airbrush tí mò ń lò kò tóbi ju kálámù lọ. Bí o bá tẹ ìfà orí rẹ̀ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á jáde; bí o bá wá fà á sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á sún, ọ̀dà á sì tẹ̀ lé afẹ́fẹ́. Ihò ẹnu rẹ̀ kò ju 0.3 mílímítà lọ. Láti 15 dé 20 psi ni mo máa ń fi agbára kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ sí. Irinṣẹ́ àwọn ayàwòrán ni níbẹ̀rẹ̀: ará Amẹ́ríkà kan, Charles Burdick, ló ṣe irú rẹ̀ tó sún mọ́ tòní ní àwọn ọdún 1890, kó tó kó wá sí London níbí, tó sì dá ilé-iṣẹ́ Aerograph sílẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ̀ pé ìlú tí mò ń gbé ti mọ irinṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu airbrush ni pé afẹ́fẹ́ ń fọ́ ọ̀dà sí wẹ́wẹ́. Àwọn ẹ̀kán tó tóbi máa ń bà sára ohun tí à ń kùn, wọn a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó kéré kò wúwo tó ìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó bá ti kan bọ́ọ̀sì tó sì ta padà ló ń gbé wọn, omi ara wọn á gbẹ kí wọ́n tó balẹ̀, wọn a di eruku. Èyí tó kúnná jù nínú wọn lè máa fò kiri nínú yàrá fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí oníṣẹ́ ti lọ sùn, òun náà ló sì ń lọ jìnnà jù bí a bá fà á símú. Fèrèsé tó ṣí kò lè kó wọn jáde. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, atẹ́gùn láti ìta ló ń fẹ́ wọlé, òun ló sì bá mi pín ọ̀dà náà dé orí fìríìjì.

Nítorí náà, mo ní láti ra àpótí ìfọ́n-ọ̀dà. Kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Àpótí ni, iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, asẹ́ wà lẹ́yìn, fáànù wà lẹ́yìn asẹ́, rọ́bà ńlá kan sì so mọ́ ìdí fáànù láti gbé afẹ́fẹ́ lọ síta. Inú rẹ̀ ni o ti ń fọ́n ọ̀dà. Àwọn kan ń ká bí àpótí ìrìn-àjò, èyí tó dára fún ẹni tí kò ní yàrá iṣẹ́. Wọ́n fi iná sí i lára, wọ́n sì fi àwo tó ń yí sínú rẹ̀. Iná àti àwo yẹn ni àwọn tó ń tà á máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bá. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa afẹ́fẹ́.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò ní rọ́bà. Ẹni tó tà á ní kò nílò fèrèsé, pé asẹ́ eléèédú inú rẹ̀ yóò fọ afẹ́fẹ́ mọ́ kó tó dá a padà sínú yàrá. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé ó rọrùn láti gbà gbọ́. Mo dán an wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí ẹnìkan nílé, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òórùn tínà fi gba gbogbo ilé. Asẹ́ lè mú eruku dúró, ṣùgbọ́n èéfín tínà kì í ṣe eruku. Ó ń gba inú asẹ́ kọjá bí omi ògì ṣe ń gba inú asẹ́ kọjá tí èèrí sì ń dúró sókè. Èédú máa ń mú nínú èéfín náà lóòótọ́, àmọ́ èédú tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kún, kò sì sí àmì tí yóò fi hàn ọ́ pé ó ti kún. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi. Kò fèsì. Owó yẹn dùn mí, torí pé owó bàtà àwọn ọmọ ni mo yọ fún un.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo mú ìwé àti kálámù kí n tó mú owó. Ìlànà tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé ni pé kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹnu àpótí máa rìn ní nǹkan bí ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kó lè gbá kùrukùru mú kó tó ta padà síni lójú. Ẹnu àpótí tí ojú mi wà lára rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 42, ó sì ga ní 30. Bí a bá fi 0.42 lu 0.30, a ó rí 0.126, bí a bá fi ìdajì mítà lu ìyẹn, tí a wá sọ ọ́ di ti ìṣẹ́jú kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kúbíìkì mítà 3.8. Mẹ́rin ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pé fáànù náà ń gbé. Ó jọ pé ó tó. Ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń wọn irú iye bẹ́ẹ̀ nígbà tí asẹ́ àti rọ́bà kò sí lára fáànù, bí ìgbà tí wọ́n bá wọn eré mọ́tò tí kò kó èrò kankan. Fi asẹ́ sí i, fi rọ́bà tí ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀ sí i, kí rọ́bà náà tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé fèrèsé, mẹ́rin náà kò ní jẹ́ mẹ́rin mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, bí wọ́n bá rí èyí, wọn á ní kí n ra èyí tó tóbi. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnu bá ṣe fẹ̀ tó ni afẹ́fẹ́ tí yóò béèrè ṣe pọ̀ tó, fáànù tó sì lè gbé e máa ń pariwo débi tí àwọn ará ìsàlẹ̀ yóò fi kanlẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì mi kò ju sẹ̀ǹtímítà 19. Kí ni mo fẹ́ fi ẹnu gbàgàdà ṣe? Mo ra èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 42, mo gé ike tó mọ́ gaara, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹnu rẹ̀ kó bo sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Ẹnu náà wá ku 24 ní gíga, kúbíìkì mítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan ló wá ń béèrè, mo sì ń gba inú ike náà rí iṣẹ́ ọwọ́ mi kedere. Mo gé rọ́bà kúrú, mo nà án gbọnrangandan. Fèrèsé pálọ̀ wa, èyí tí a máa ń gbé sókè, ni mo gé pákó pẹlẹbẹ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo lu ihò yípo sí i lára, mo ti ẹnu rọ́bà bọ ibẹ̀. Kí n tó ṣe ìyẹn, mo gòkè lọ kí màmá tó ń gbé lókè wa, mo sọ ohun tó máa ń gba ibẹ̀ jáde fún un, a sì fẹnu kò sí wákàtí tí kò ní ṣí fèrèsé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà wà ńbẹ̀. Àwọn fáànù kan máa ń ta iná pẹ́pẹ́ nínú bí wọ́n ṣe ń yí. Èéfín tínà sì máa ń gbiná. Mo wá èyí tí wọ́n ń pè ní brushless, tí kì í ta iná bẹ́ẹ̀, mo sì fi agolo ọ̀dà alátẹ̀fọ́n sílẹ̀ pátápátá, torí pé gáàsì tó ń tì í jáde máa ń gbiná kíákíá, ó sì ń jáde lọ́pọ̀ yanturu. Mo pa ọ̀dà onítínà tì, mo bọ́ sórí èyí tí à ń fi omi pò. Ìbòmú oníkòkò méjì ni mò ń lò, ìlà búráùn lára rẹ̀ fún èéfín, funfun fún eruku, torí pé ọ̀dà olómi náà ń di eruku. Ti ọ̀dà oníhádénà, irú èyí tí wọ́n fi ń kun mọ́tò kó lè dán, mi ò jẹ́ gbé e wọ inú ilé yìí láé. Isocyanate wà nínú hádénà náà, ọ̀kan pàtàkì sì ni lára ohun tó ń fa ikọ́-fée fún àwọn òṣìṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọṣẹ́ Bàámi máa ń fi ìka rò ó pọ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ délẹ̀, ìyàwó mi ní kí n ti ilẹ̀kùn pálọ̀ gbọn-in, ó ká tówẹ́ẹ̀lì ó fi dí abẹ́ rẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu lójú àwa méjèèjì. Mo tan fáànù, mo sì tanná ran igi tùràrí kan, irú èyí tí a máa ń jó lẹ́yìn tí a bá dín ẹja tán. Mo gbé e síwájú àpótí. Èéfín rẹ̀ rọra tẹ̀ sí ọ̀nà àpótí, ó dúró, ó gòkè, ó sì ń rìn kiri níwájú mi bí ẹni tó ṣìnà. Mo tú rọ́bà palẹ̀, mo tún un so. Mo yọ asẹ́, mo fi padà. Bákan náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé wọ́n tún ti tà mí ní gbàrọ́gùdù.

Bàámi pè lórí fídíò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bó ti máa ń ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ níwájú fóònù, mo kí i, mo sì fi àpótí náà hàn án. Ó ní kí n tanná ran tùràrí náà kí òun rí i. Ó wò ó, ó wúkọ́, ó tún wò ó. Ó ní kí n yí fóònù náà ká yàrá. Mo yí i: fèrèsé, pákó, àga, ilẹ̀kùn, tówẹ́ẹ̀lì.

"Mo ti rí ibi tó ń gbà jáde," ó ní. "Níbo ló ń gbà wọlé?"

N kò lè sọ̀rọ̀.

"Tapólì ni ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì yẹn ta, ọmọ mi. Ká a kúrò. Ṣí ilẹ̀kùn yẹn díẹ̀."

Mo fa tówẹ́ẹ̀lì náà, mo ṣí ilẹ̀kùn ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Èéfín tùràrí tẹ́jú lójijì, ó na gbọọrọ bí okùn tí wọ́n ń fà láti ẹ̀yìn asẹ́, ó sì wọ inú àpótí láì tú ká. Mo sún sẹ́yìn títí tí mo fi wà ní ogún sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu àpótí, ó ṣì ń wọlé. Mo gbé igi tùràrí náà lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé sí pálọ̀, kò sí ẹyọ èéfín kan tó jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ̀rù ilẹ̀kùn tó ṣí ló ń bà wá, ilẹ̀kùn tó ṣí ló sì ń dáàbò bò wọ́n: afẹ́fẹ́ yàrá wọn ló ń wá sọ́dọ̀ mi, tèmi kò lè lọ sọ́dọ̀ wọn níwọ̀n ìgbà tí fáànù bá ń fà. Èmi fúnra mi tún lọ yẹ bọ́ílà gáàsì wa wò, torí pé fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ilé lè fa èéfín bọ́ílà padà wọlé bó bá jẹ́ irú èyí tó ń mí láti inú yàrá. Tiwa jẹ́ èyí tí wọ́n dí pa, ìta ló ti ń mí, ìta ló sì ń tú èéfín sí. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó pe oníṣẹ́ gáàsì kó tó tan fáànù kankan.

Mo fọ́n yẹ́lò náà ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí mo parí. Lọ́jọ́ kejì, mo lẹ téèpù fún ìlà dúdú. Bàámi wà lórí fóònù tí mo gbé ti ìwé méjì, kò sọ ohun púpọ̀. Nígbà tí mo ṣí téèpù kúrò tí etí ìlà náà mú ṣáṣá, ó sún mọ́ fóònù rẹ̀ débi pé iwájú orí rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Ó ní ìlà òkè ti fẹ̀ jù. Òótọ́ ni, ó fẹ̀ jù ní nǹkan bí ìdajì mílímítà.

Ìyàwó mi kò bá mi sọ nǹkan kan ní ti tirẹ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti mú áńkáṣíìfì funfun kan, tó so ó rọ̀ sórí irin ìsáṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ọ̀sán Sátidé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo rí i tó gbé e sójú fèrèsé, tó ń yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún nínú ìmọ́lẹ̀, tó fi àtàǹpàkò nù ún, tó wo àtàǹpàkò náà. Ó ká a, ó fi sínú báàgì rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́.

Lálẹ́ Sátidé tó tún dé, ó fọ ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ó sì sá wọn síbi tó ti máa ń sá wọn.